Odi Tí Wọ́n Ní Kí Ó Wò

Obìnrin yìí kò bí ìbejì rí láyé rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ìyẹn náà sì ti wà nílé ẹ̀kọ́ gíga, kì í pe ilé àfi bí ó bá fẹ́ tọrọ nǹkan. Síbẹ̀, Ìyá Ìbejì ni gbogbo ará ọ́fíìsì ń pè é, ọkọ rẹ̀ náà sì ti gbà á lẹ́nu wọn. Bí àlejò bá wá sílé tó bèèrè pé àwọn ìbejì dà, ọkọ rẹ̀ á nawọ́ sí kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì ní kọ̀rọ̀ yàrá, á ní, "Wọ́n ń sùn níbẹ̀ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo."

Iṣẹ́ tó ń ṣe ló fún un lórúkọ. Ó ń kọ́ ayé. Mi ò ní ó ń kọ́ ilé o. Ayé ni mo wí: òkè, odò, igbó, ọ̀nà, ìlú, kànga, títí dórí òkúta tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ kọ. Inú géèmù ni ayé náà wà, irú èyí tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń gbá lẹ́ẹ̀kan náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kálukú nínú yàrá tirẹ̀, tí wọn ò mọ ara wọn rí, tí wọ́n sì ń pa ara wọn lójoojúmọ́ bí ẹni pé wọ́n jogún ìjà. Kí ènìyàn tó wọlé, wọ́n á bi í pé ìhà wo ló ń ṣe. Ṣé Ará Òkè ni, àbí Ará Odò? Èyí tó bá mú náà ni yóò jẹ́ títí, kò sí pé mo fẹ́ yí ọkàn padà. Ará Òkè ń wọ aṣọ pupa, Ará Odò ń wọ aṣọ aró. Odi gìrìwò kan ló dá ayé náà sí méjì, ẹnubodè kan sì wà láàárín odi náà. Ẹgbẹ́ tó bá la ẹnubodè kọjá, tó ri àsíá rẹ̀ mọ́ àárín ìlú àwọn yòókù, òun ló borí lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí obìnrin yìí fẹ́ kọ́ ayé náà, ìdajì ló kọ́kọ́ kọ́. Ó ṣe é títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó wá ṣẹ́ ẹ po sórí ìdajì kejì, bí ìgbà tí ọmọdé bá ṣẹ́ ìwé tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ po, tí àwòrán ìhín bá lẹ̀ mọ́ ọ̀hún. Ohun tó wà níhìn-ín ló wà lọ́hùn-ún, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ìdajì méjèèjì ní ìbejì rẹ̀. Igi tó tẹ̀ ní ìhà Òkè ní ìkejì rẹ̀ tó tẹ̀ ní ìhà Odò. Bí ọ̀bọ ṣe ṣorí ni ìnàkí ṣe ṣe. Ohun tó fà á tó fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí lọ́jọ́ iwájú pé ó ṣe ojúsàájú.

Wọ́n kúkú wí i. Ará Odò ń ṣubú. Kì í ṣe ìṣubú ẹ̀ẹ̀kan lọ́gbọ̀n o, ojoojúmọ́ ni. Bí wọ́n bá borí lónìí, ìyà á jẹ wọ́n títí tí wọn ó fi gbàgbé pé wọ́n borí rí. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò ní ìhà Odò, wọ́n ń bínú lọ, nígbà tí Odò sì ń ṣófo, àwọn Ará Òkè náà ò rí ẹni bá jà mọ́, wọ́n ń jókòó sórí odi bí ẹni tó ń retí mọ́tò. Àwọn olówó tó ni géèmù pe Ọ̀gá. Ọ̀gá, tí kò dàgbà tó obìnrin náà, pè é wọ yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Ìyá Ìbejì, mi ò ní purọ́ fún yín," ó ní. "Wọ́n ní bí oṣù yìí bá fi lè parí tí a ò mọ ohun tó ń pa Ará Odò, àwọn á gbé ayé yìí fún àwọn mìíràn kí wọ́n tún un kọ́. Bí wọ́n bá sì gbé e lọ, mi ò ní iṣẹ́ mìíràn tí mo lè fi yín sí níbí."

"Ṣùgbọ́n ìhà méjèèjì dọ́gba," obìnrin náà ní.

"Èmi náà mọ̀ pé wọ́n dọ́gba. Kí ló wá ń pa wọ́n?"

Kò mọ̀. Ohun tó mú un lómi nìyẹn. Ó wọn òkè, ó wọn odò. Ó rìn láti ìlú Ará Òkè dé ẹnubodè, ó tún rìn láti ìlú Ará Odò, ìrìn kan náà ni. Ó gé igi kan kúrò ní ìhà Òkè torí ó rò pé òjìji rẹ̀ ló ń fi wọ́n pa mọ́. Ará Òkè borí. Ó fi afárá kan kún ti Odò. Ará Òkè borí. Ó lọ bá ọ̀dọ́kùnrin tó ń kọ òfin géèmù náà sínú ẹ̀rọ, ẹni tí wọ́n ń pè ní Onígíláàsì, ó ní kó bá òun wò ó bóyá ọ̀kọ̀ ìhà kan mú ju ti ìkejì lọ. Onígíláàsì fi ìyá rẹ̀ búra pé ọ̀kọ̀ kan náà ni, apata kan náà ni, ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń sáré gan-an kan náà ni. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, wọ́n wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ibi tí ẹ̀tẹ̀ wà lára ńkọ́? Ó di pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, àyà rẹ̀ á máa já láti ṣí kọ̀ǹpútà.

Bí ó bá ní kí òun sá wá sílé, ilé gan-an ni ojú ogun. Ọkọ rẹ̀ ń tún fíríìjì ṣe. Bí ó bá ti fọ ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ tán, ó di Ará Òkè. Àbúrò obìnrin náà sì wà lọ́dọ̀ wọn, ọmọ ìyá rẹ̀ lọ́kùnrin, tó wá gbé ìgbà díẹ̀ nígbà tí iléeṣẹ́ ọ̀dà tó ń ṣiṣẹ́ sí ní kó máa lọ. Ìgbà díẹ̀ ọ̀hún ti di ọdún kẹta. Ará Odò ni òun. Àga gígùn kan náà ni àwọn méjèèjì ń jókòó lé, tẹlifíṣọ̀n wà níwájú ọkọ, kọ̀ǹpútà àtijọ́ wà níwájú àbúrò, ìṣẹ́jú díẹ̀ síra wọn ni ọ̀kan á kígbe ayọ̀ tí ìkejì á sì mí kanlẹ̀. Ẹ mọ ẹni tó ń kígbe.

"Mo tún ti pa ẹ́!" ni ọkọ á wí. "Dìde ńlẹ̀, ọmọ odò, lọ sá ara ẹ sóòrùn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni àbúrò máa ń yíjú sí. "Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ yẹn ni ò dáa. Ẹnubodè yẹn. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe é, ṣùgbọ́n nǹkan ń ṣe é. Ẹ wá jókòó síbí kẹ́ ẹ rí i."

"Mo ti wọ̀n ọ́n," obìnrin náà á dáhùn láti kíṣìnnì, láìbojú wẹ̀yìn. "Méjèèjì dọ́gba."

"Ìka ni ò dọ́gba," ọkọ á ní. "Ọwọ́ ẹ ló wúwo, àna mi. Gbà bẹ́ẹ̀."

Ó sì gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Àwàdà ni ọkọ ń ṣe, kò ní in nínú, ṣùgbọ́n àbúrò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sùn. Bí ó bá da omi sílẹ̀, á ní ọwọ́ òun wúwo. Bí wọ́n bá pè é fún ìdánwò iṣẹ́ tí wọn ò mú un, á ní ṣé ẹ ò mọ̀ pé ọwọ́ òun wúwo ni. Ọmọkùnrin tó máa ń tú rédíò palẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, tó sì ń tò ó padà! Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbọ́, kò sì mọ ohun tí ì bá sọ, torí pé lójú tirẹ̀ náà, bí ilẹ̀ bá dọ́gba tí ẹnì kan sì ń ṣubú, kí ni kéèyàn tún wí?

Ọ̀gá ní àléébù kan tí mo kórìíra, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí inú mi fúyẹ́. Kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀. Ó ní àmì ń dá òun dúró. Bí Ọ̀gá bá kọ "owo" ránṣẹ́ sí ẹ, ìwọ lo máa mọ̀ bóyá owó ló ń wí, tàbí ọwọ́, tàbí ọ̀wọ̀, tàbí ọwọ̀ tí wọ́n fi ń gbálẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, tí àwọn ènìyàn ti ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sílé, tí oṣù sì ti ń lọ sópin, àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ wọlé sórí fóònù obìnrin náà. Bó ṣe kọ ọ́ rèé:

"Iya Ibeji, e jowo e ba mi wo odi yen ki e to lo sile. Gbogbo e o, ki i se enubode nikan. Mo fe ki oro e kuro nile ki ose to n bo to bere."

Obìnrin náà kà á. Ó tún un kà. Wọ́n ní kó wó odi. Gbogbo rẹ̀. Kó kúrò nílẹ̀.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí kò kà á sí èyí tó rọrùn. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ló ti ń retí ọ̀rọ̀ burúkú, nígbà tí ọ̀rọ̀ sì dé, burúkú ló kà á sí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ta ni yóò ní kí ìyá lọ wo ọmọ tó ń wò lójoojúmọ́? Ó pe Ọ̀gá lórí fóònù, Ọ̀gá ti pa fóònù torí ó wà nínú ìpàdé pẹ̀lú àwọn olówó. Ó gbé fóònù lọ bá Onígíláàsì, tó ti gbé báàgì kọ́ èjìká.

"Bá mi ka ìyẹn. Kí ni Ọ̀gá ń wí?"

Onígíláàsì ti gíláàsì rẹ̀ sókè imú. "Wọ́n ní kẹ́ ẹ wó odi."

"Wó o?"

"Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn, Màámi. Kí ni tèmi ńbẹ̀?" Ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ó jókòó. Òun ló gbẹ́ òkúta odi náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó fi koríko wẹ́wẹ́ sí àárín wọn, tí ó jẹ́ kí ibì kan sán díẹ̀ kí odi má baà dà bí ohun tí wọ́n rà lọ́jà. Ó dùn ún dé egungun. Ó sàmì sí odi náà láti òpin ayé kan dé òpin ayé kejì, ó sì ní kí ẹ̀rọ pa á rẹ́. Ẹ̀rọ bi í pé, ṣé ó dá ọ lójú? Kò dá a lójú rárá. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé mọ́, kò tíì fọ ẹnu tán tó ti gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ ní pálọ̀.

"Ìyá Ìbejì! Odi dà?"

"Wọ́n ní kí n wó o."

"Ta ló ní kó o wó o? Mo ti yí ibí yìí ká bí ẹni tó sọ màlúù nù, mi ò rí odi!"

Ó jáde sí wọn, ó dúró lẹ́yìn àga, ó ń wo ayé tí òun fúnra rẹ̀ kọ́, kò sì mọ̀ ọ́n mọ́. Àwọn jagunjagun dúró káàkiri pápá, pupa àti aró, wọn ò mọ ibi tí wọn ó kọjú sí. Ará Òkè kan sáré wọ ìlú Ará Odò, ó rí kànga, ó rí igi tó tẹ̀, ó rò pé òun ti ṣìnà padà sílé, ó bá jókòó. Òmíràn sọ ọ̀kọ̀ lu ẹni tirẹ̀. Àwọn kan ń kọ̀wé síra wọn pé ṣé ibí ni tiwa àbí tiyín. Ọ̀rọ̀ wá dà bí ọjà tí wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn pààrọ̀ ìsọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí oòrùn tó dé àtàrí, igbe kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu gbogbo wọn: ẹ dá odi wa padà. Ará Òkè ń ké e, ìyẹn yé ènìyàn. Ṣùgbọ́n Ará Odò náà ń ké e!

"Ìwọ náà?" ó bi àbúrò rẹ̀, torí ó rí i pé ó ń kọ tirẹ̀ ránṣẹ́. "Odi tó ń pa ẹ́ lójoojúmọ́?"

"Odi wa náà ni," àbúrò ní. "Bí ò bá sí odi, kí la fẹ́ máa gbìyànjú àtilà kọjá?"

Obìnrin náà lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ọ̀rọ̀ náà ò lórí, kò nídìí. Àwọn tí nǹkan ń pa ni wọ́n ń sunkún pé kí wọ́n dá a padà fún àwọn. Nígbà tó sì di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó ṣí kọ̀ǹpútà láti wo bí ogun ṣe lọ, ohun tó rí tún fi kún ìdàrúdàpọ̀ rẹ̀: Ará Odò ti borí tó Ará Òkè. Ọgbọọgba. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí ayé náà ti dáyé.

Ní ọjọ́ Ajé, Ọ̀gá ò dúró kí obìnrin náà jókòó. "Ìyá Ìbejì, kí ni mo fi ṣe yín?"

"Ẹ ní kí n wó odi ni."

"Wò! Wò ni mo ní! Kẹ́ ẹ wò ó! Kẹ́ ẹ fojú wò ó!" Ọ̀gá fi ìka méjì tọ́ka sí ojú ara rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ yọ ọ́. "Ta ló ń rán ènìyàn pé kó lọ wó odi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì?"

"Ẹ ò fàmì sí i."

"Ta ló ń fàmì sí àtẹ̀jíṣẹ́?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú ọ́fíìsì, ó sì sọ ọ́ di ikọ́ kíá. Onígíláàsì kò gbójú kúrò níwájú ẹ̀rọ rẹ̀, ẹni tó bá rí i á rò pé inú ẹ̀rọ náà ni wọ́n bí i sí. Obìnrin náà ò bá Ọ̀gá jiyàn. Ó fi iye ogun tó rí hàn án. Ọ̀gá wò ó, ìbínú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wá fa àga, ó jókòó.

"Ó ti ń ṣe mí bíi pé odi yẹn ni," ó ní. "Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ wò ó nìyẹn. Àwọn olówó ti pè mí láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní odi gbọ́dọ̀ padà sípò kí ọjọ́rú tó kọjá, torí àwọn ènìyàn ń ya lọ. Bí a bá sì mọ ọ́n padà bó ṣe wà, Odò á tún máa kú, wọ́n á sì gbé iṣẹ́ lọ. Kí lẹ máa yí padà lára ẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, Ọ̀gá," obìnrin náà ní, omi sì lé sí i lójú. "Ìhín àti ọ̀hún odi yẹn, ìkan náà ni. Ìkan náà gan-an ni."

Ó gbé odi àtijọ́ náà, èyí tí wọ́n tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, lọ sílé nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, nínú ẹ̀dà ayé náà kan tí àwọn ará ilé rẹ̀ nìkan lè wọ̀, tí ènìyàn sì lè ṣe ìhà tó bá wù ú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò wọ kíṣìnnì. Ó lọ jókòó sáàárín ọkọ rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ lórí àga gígùn, ó ní kí wọ́n fún òun ní nǹkan tí wọ́n fi ń gbá a. Àwọn méjèèjì wojú ara wọn. Ó ń kọ́ ayé láti ọjọ́ yìí, kò jagun níbẹ̀ rí. Ìyá tó ń se ọbẹ̀ tí kì í tọ́ ọ wò ni.

Ó kọ́kọ́ ṣe Ará Òkè, àbúrò rẹ̀ ṣe Odò. Kò mọ èyí tí wọ́n fi ń fò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ó ń tẹ ọ̀kan fún èkejì, ó sì pa àbúrò rẹ̀ lẹ́nubodè. Ó tún pa á. Ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó pa á lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rín náà tán lẹ́nu ọkọ, torí pé kò sí bí obìnrin tó ń wá ibi tí wọ́n ti ń fò ṣe lè máa pa ẹni tó ti ń jà láti ọdún mẹ́ta.

"Ẹ wá síbí," àbúrò ní. Wọ́n pààrọ̀ ìhà. Bí obìnrin náà ti yọjú lẹ́nubodè láti ìhà Odò báyìí, ọ̀kọ̀ ti wà láyà rẹ̀. Ó tún yọjú, ó tún kú. Àbúrò ò dùn rárá pé òun ń borí. "Ṣé ẹ rí i? Ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀ yẹn á pa ẹni tó bá wà níbí. Àní ẹ̀yin."

"Ṣùgbọ́n kí ló dé?"

"Ohun tí mo ti ń bi yín nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n."

Ó ní kí ọkọ rẹ̀ gba ipò Ará Òkè, kí àbúrò padà sí Odò, kí wọ́n má sọ ọ̀kọ̀ kankan, kí wọ́n kàn rọra yọ láti ẹ̀yìn odi. Ó dìde, ó lọ súnmọ́ ojú ẹ̀rọ méjèèjì. Ti ọkọ rẹ̀: ẹnu ọ̀kọ̀ ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọwọ́ ọ̀tún, ara rẹ̀ tó kù ṣì wà lẹ́yìn odi. Ti àbúrò rẹ̀: orí yọ, èjìká òsì yọ, àyà yọ, ikùn yọ, gbogbo ara ti wà níta gbangba kí ọwọ́ ọ̀tún tó di ọ̀kọ̀ tó jáde.

Obìnrin náà mú ìgbálẹ̀ onígi gígùn, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Ó fara pa mọ́ sí apá kan, ó yọ sí ọ̀tún. Ó kọjá sí apá kejì, ó yọ sí òsì. Ọkọ rẹ̀ bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Ó tún un ṣe.

"Ọwọ́ ọ̀tún," ó wá ní. "Ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn fi ń jà. Bí ọ̀nà bá gbé wọn dé ìdí odi, ẹnubodè wà ní ọ̀tún Ará Òkè. Òsì Ará Odò ló wà." Nígbà tó ṣẹ́ ìwé po, ọ̀tún di òsì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣẹ́ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ po. Ó wọn ilẹ̀, ó wọn òkúta, kò wọn ọwọ́ ẹni tó ń bọ̀ wá dúró síbẹ̀. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi tó fi fẹ́ dì mọ́ ọn. Àbúrò ti dìde. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, ó sì pa ilẹ̀kùn dé jẹ́jẹ́. Ohun tó ṣe é ò yé obìnrin náà.

Àtúnṣe náà ò le. Kò ṣẹ́ ìwé po mọ́; ṣe ló yí ìdajì kejì náà ká, bí ẹni tó yí àwo lórí tábìlì kí ẹni tó jókòó sódìkejì lè rí ohun tí òun náà ń rí. Ẹni tó ti Òkè wá, ẹnubodè wà ní ọ̀tún rẹ̀. Ẹni tó ti Odò wá, ọ̀tún rẹ̀ náà ló wà. Odi padà sípò lọ́jọ́rú. Àwọn ènìyàn hó yèè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara wọn tìfẹ́tìfẹ́. Ogun di jẹ kí n jẹ. Àwọn olówó fi ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ránṣẹ́ sí Ọ̀gá, Ọ̀gá sì sọ fún obìnrin náà níwájú gbogbo ọ́fíìsì pé kò sẹ́ni tó máa gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ síbì kankan. Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀gá ti ń fi àmì sí ọ̀rọ̀, ó ń fi sí ibi tó yẹ, ó ń fi sí ibi tí kò yẹ, àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ wá le kà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Obìnrin náà délé lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Àbúrò rẹ̀ jókòó lórí àga, ohun tí wọ́n fi ń gbá géèmù wà lórí itan rẹ̀, àsíá aró sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ láàárín ìlú pupa lójú kọ̀ǹpútà. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò ṣe àwàdà kankan.

"Ó ti nà mí tẹ́rùn láti ìgbà tí mo ti délé," ọkọ ní, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

"Ṣé o wá rí i?" obìnrin náà sọ fún àbúrò rẹ̀. "Ọwọ́ ẹ ò wúwo. Odi ni. Ẹ̀bi mi ni, mo gbà."

Àbúrò gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń wò wọ́n. "Ọwọ́ kan náà ni, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò kọ́ nǹkan tuntun kankan. Bí mo ṣe ń gbá a lóṣù tó kọjá náà ni mo gbá a lónìí."

"Mo mọ̀."

"Nígbà tí iléeṣẹ́ ọ̀dà lé mi, mo wá bá yín, mo ń sunkún. Ẹ ní kí n má dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ ní ìyá kan náà ló bí wa, ilé ìwé kan náà la lọ, ibi kan náà la ti bẹ̀rẹ̀, pé bí ẹ̀yin bá lè ṣe é, èmi náà lè ṣe é." Kò pariwo. Ì bá sàn ká ní ó pariwo. "Mo gbà yín gbọ́. Ẹ̀yin lẹ máa ń wọn nǹkan nínú ilé wa. Mo wá fẹ́ bi yín, kí ló tún wà tẹ́ ẹ wọ̀n, tẹ́ ẹ ní ó dọ́gba?"

Obìnrin náà ro ọ̀rọ̀ náà wò. Ìyá kan náà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun ń lọ sílé ìwé, ara ìyá wọn le, ó sì ń jí i láàárọ̀, ó ń bi í léèrè iṣẹ́ ilé. Nígbà tó fi kan àbúrò, àbúrò ló ń jí ìyá, tó ń fún un lóògùn, kó tó sá lọ sí kíláàsì tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó mọ èyí. Ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Kò kàn dúró níbẹ̀ wò ó rí ni. Ǹjẹ́ ohun mìíràn tún wà? Kò mọ iye tó wà, kò sì mọ ibi tí wọ́n wà, ojú sì tì í pé òun, ẹ̀gbọ́n, ni òun ò mọ̀.

Ó bọ́ báàgì léjìká, ó jókòó tì í.

"Mi ò mọ̀," ó ní. "Ìwọ ni kó o sọ fún mi. Mo ń gbọ́."

Àbúrò rẹ̀ ní òun ò mọ ibi tí òun á ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó pa tẹlifíṣọ̀n, òun náà sì fa àga kan wá.